Kọ́kọ́rọ́, ìwé báńkì àti àtẹ ara ògiri: ìrírí mi gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ìgbèríko

Tí àwọn ọ̀gá bá ní àwọn fẹ́ ró àwa nọ́ọ̀sì ìgbèríko lágbára, sẹmínà ló máa ń tẹ̀lé e. Wọ́n á kó wa lọ sí gbọ̀ngàn kan ní olú ìlú ìpínlẹ̀, wọ́n á fún wa ní báàgì, bírò, ìpápánu àti mínírà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó ya fọ́tò, a ó gba ìwé ẹ̀rí, ọkọ̀ á sì gbé wa padà síbi tí iná ò sí. Irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kún àpótí mi. Mi ò ní bú wọn o, nítorí inú ọ̀kan lára sẹmínà wọ̀nyẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi báàgì àti ìbòmú fẹ́ atẹ́gùn sínú ọmọ tuntun tí kò ké, ọmọ tó sì tipa bẹ́ẹ̀ yè lọ́wọ́ mi ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ro ohun tó sọ mí di ẹni tó lè pinnu, tó lè kọ̀, tó sì lè dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ nǹkan tí ọwọ́ ń dì mú: kọ́kọ́rọ́ fíríìjì, ìwé báńkì, ìwé ìlànà tí ìjọba tẹ̀ jáde, àti àtẹ kan tí a lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Midwives Service Scheme, láti fi kó agbẹ̀bí lọ sí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní ìgbèríko. Wọ́n kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé, wọ́n kó àwọn tí kò ríṣẹ́, wọ́n sì kó àwọn màmá tó ti fẹ̀yìn tì. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Òkè-Ògùn ni wọ́n gbé mi lọ, sí abúlé kan tí n kò ní dárúkọ. Ètò náà ní agbẹ̀bí mẹ́rin ni kó wà ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè máa pín ọ̀sán àti òru mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwa méjì la bá ara wa níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ń san 30,000 náírà lóṣù, ó sì yẹ kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ fi tiwọn kún un. Èyí tó yẹ yẹn, orí rédíò la ti máa ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ọdún yí po, èkejì mi kó ẹrù rẹ̀. Èmi dúró, mo di òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ìlera ará ìlú kún ti tẹ́lẹ̀, nígbà tó yá wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn náà.

Ọ̀gá lórúkọ ni. Àwọn ará abúlé ń pè mí ní Ìyá Nọ́ọ̀sì, wọ́n rò pé ohun tí mo bá sọ ni abẹ gé. Wọn ò mọ̀ pé kí n tó ra páálí ìbọ̀wọ́ kan, mo ní láti kọ̀wé sókè, ká dúró, ká sì wá fi owó ara wa rà á nígbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí fíríìjì. Wọ́n gbé fíríìjì sólà kan wá fún wa nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Fíríìjì tó dáa ni, kì í jẹ́ kí òtútù inú rẹ̀ kúrò láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ibẹ̀ gan-an sì ni abẹ́rẹ́ ọmọdé ń fẹ́. Òfin tó bá a wá ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Òfin gidi nìyẹn náà, torí mo ti débi tí ẹja tútù àti abẹ́rẹ́ ọmọ ọwọ́ ti jọ ń gbé. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni kan ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ọjọ́ abẹ́rẹ́ ló sì máa ń gun ọ̀kadà wá ṣí i.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni à ń kó oxytocin sí. Abẹ́rẹ́ yẹn la máa ń gún fún ìyá ní itan ní kété tí ọmọ bá ti jáde, kí ilé ọmọ lè sún kì, kí ibi ọmọ tètè bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má ya. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa abiyamọ jù lọ nílẹ̀ wa. Oxytocin kò sì fẹ́ ooru rárá. Òtútù kan náà tí abẹ́rẹ́ ọmọdé ń fẹ́ ni òun náà ń fẹ́, wọ́n kọ ọ́ sára páálí èyí tí wọ́n ń kó wá fún wa gbangba. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn ní oṣù kẹta, nígbà tí páànù orí ilé ń ta pá-pá lọ́sàn-án, á mọ irú ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn jẹ́. A ó gún ọ̀kan, ilé ọmọ á ṣì rọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wa. A ó gún èkejì. A ó máa fi ọwọ́ ra ikùn, a ó wá misoprostol, oògùn oníhóró tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà tí kò sì nílò òtútù, tó bá ṣẹ́ kù. Fíríìjì tó tutù wà ní yàrá kejì, tí a tì pa.

Ó pẹ́ tí mo fi ń fẹnu bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà á rẹ́rìn-ín, á ní, “Mátíróònù, òfin ni o.” Àwọn ọ̀gá á ní àwọn ti gbọ́. Ohun tó yí i padà ni lẹ́tà. Mo kọ ọ́ sí dókítà tó jẹ́ olórí ètò ìlera ìjọba ìbílẹ̀, mo fi pín-ìnnì so páálí oxytocin mọ́ ọn, mo fa ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n òtútù sí. Nǹkan méjì ni mo béèrè: kí wọ́n jẹ́ kí oxytocin ní àpótí tirẹ̀ nínú fíríìjì náà kó má bàa dàpọ̀ mọ́ tàwọn ọmọdé, àti kí kọ́kọ́rọ́ máa gbé ilé ìwòsàn. Mo kọ orúkọ mi sí i àti nọ́ńbà tí ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí fún mi, mo buwọ́ lù ú, mo sì ní kí akọ̀wé fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tèmi pé wọ́n ti gbà á.

Òǹtẹ̀ yẹn ló ṣiṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ẹnu kì í wọ fáìlì. Bí ìyá kan bá kú lọ́la, kò sẹ́ni tó máa rántí pé mo bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi ti di ara ọ̀rọ̀ náà, ó fẹ́, ó kọ̀. Kò pẹ́ tí dókítà fi kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i.

Ọ̀gbẹ́ni oníkọ́kọ́rọ́ bínú. “Ṣé iṣẹ́ mi lẹ fẹ́ gbà ni, Mà?” Mo ní rárá o, iṣẹ́ tiyín ni kí abẹ́rẹ́ ọmọ má bàjẹ́, tèmi ni kí ìyá ọmọ má kú, fíríìjì kan ṣoṣo ló sì gba méjèèjì. Mo wá fi í lọ́kàn balẹ̀ lọ́nà tó máa yé e: à ń ka ìwọ̀n òtútù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a ń kọ ọ́ sórí ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkígbà tó bá dé. Nígbà tó rí i pé ìwé náà kún létòlétò ju ti ìgbà tó ń dá kọ ọ́ lọ, kò bá mi fà á mọ́.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ á máa wà, torí pé èmi ni mo jà fún un. Mo ní ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kó máa mú un, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko tí a ń pè ní CHEW. Ta ni aboyún tó máa dúró kí Ìyá Nọ́ọ̀sì jí kó tó bí?

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí àwa nọ́ọ̀sì kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé iṣẹ́ àánú ni iṣẹ́ wa, wọn ò kọ́ wa bí a ṣe ń ka ìwé báńkì. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá ní owó lọ́wọ́, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún aboyún pé kó mú òwú, ìbọ̀wọ́, ọṣẹ, jíìkì àti kẹrosíìnì dání. Èyí tí kò bá ní, àpò tèmi ló ń ti jáde. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé nítorí ìwé yẹn, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn kọjá níwájú wa lọ sọ́dọ̀ ìyá abíwẹ́rẹ́ tí kì í béèrè nǹkan kan.

Òfin ìlera tí wọ́n buwọ́ lù ní 2014 ní kí wọ́n máa ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀ nínú owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀. Ọdún 2019 ni owó náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ilé ìwòsàn kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ nínú rẹ̀ nígbà náà, tiwa sì wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, 300,750 náírà ló ń kàn wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ pín in sí mẹ́ta kẹ́ ẹ rí i bóyá ó tó owó tí ẹlòmíì ń ná níbi ìsọmọlórúkọ. Síbẹ̀, ó ní ohun kan tí owó ìjọba kò ní rí látọjọ́ yìí: kò gba sẹkitéríàtì kọjá. Àkáǹtì ilé ìwòsàn ló ń wọ̀ tààrà, ìbuwọ́lù méjì ló sì ń gbé e jáde, tèmi àti ti alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù.

Alága wa jẹ́ bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tó mọ ìṣirò, tó sì le. Ìyálọ́jà wà nínú ìgbìmọ̀, ìmáàmù àti pásítọ̀ wà níbẹ̀, aṣojú àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, a sì bẹ Séríkí àwọn Fúlàní tó wà ní gáà kó máa rán ènìyàn wá. Kí owó tó jáde, a gbọ́dọ̀ kọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe sílẹ̀, ká fi iye owó sí i, kí ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i. Nígbà àkọ́kọ́, Bàbá Alága fẹ́ ká kun iwájú ilé ìwòsàn ní ọ̀dà, ká sì gbé pátákó ńlá kan síta. Ó ní kí ayé lè mọ̀ pé ìjọba dé. Bẹ́ẹ̀dì tí obìnrin ń bímọ lé lórí ni mo fẹ́, torí èyí tó wà ti dógùn-ún lápá kan, a sì ti fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń ṣe. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀dà dáa. Ṣùgbọ́n Ìyálọ́jà ló jókòó yìí, ọmọ-ọmọ wọn méjì ni mo gbẹ̀bí lórí bẹ́ẹ̀dì olóbúlọ́ọ̀kù yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe.” Ìyálọ́jà kò sọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké tí mo bá sọ ìtàn yìí fún máa ń bi mí bóyá ìkúnlẹ̀ yẹn kò bu iṣẹ́ wa kù, pàápàá àwọn tó ti gba dìgírí. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Kí ènìyàn kúnlẹ̀ kó sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì ló ń bu iṣẹ́ kù. Mo ti bá àwọn tó dúró ṣánṣán pàdé tí wọn ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀dì dógùn-ún.

Lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, a gba ẹni tó ń gbálẹ̀, a gba ọdẹ kan tó ń ṣọ́ wa lóru. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ohun tí ọdẹ yẹn yí padà fún ẹni tí kò tíì dá dúró rí, obìnrin kan ṣoṣo nínú ilé kan lẹ́yìn abúlé, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ní aago méjì òru, tí kò mọ̀ bóyá ẹni tó ń rọbí ni àbí olè. A bá ọlọ́kadà kan ṣàdéhùn pé bí a bá pè é lóru, kó wá, owó rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ṣe irú ẹ̀ ju tiwa lọ láti ọdún 2009, nínú ètò Abíyè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀: wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ní aboyún tí wọ́n ń mójú tó, wọ́n fún aboyún ní fóònù tó lè fi pè wọ́n, wọ́n sì wá kẹ̀kẹ́ olẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé wọn. Òṣìṣẹ́ tó mọ orúkọ àwọn aboyún tirẹ̀, tí wọ́n sì lè pè é lóru, á ṣe ju ti ẹni tó jókòó ti rẹ́jístà lọ.

Owó náà kò tíì pé ọdún kan tí ọ̀gá kan fi wá ṣe àbẹ̀wò láti òkè. Ó wo gbogbo ilé, ó yìn wá, ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ká máa rántí àwọn tó ń bá wa sọ̀rọ̀ lókè kí owó yìí tó ń jáde. Mo ní, “A dúpẹ́ gan-an sà. Kò ní bọ́ sórí lásán. Ìpàdé ìgbìmọ̀ wa ń bọ̀, màá ní kí Bàbá Alága kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó, kí ẹ wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.” Ó ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sórí páálí gbàgà, tí a ń gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn aboyún ń jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ ìpín, gbogbo aboyún tó wá gba káàdì lọ́jọ́ náà ló máa bá a kà á.

Àtẹ ara ògiri kò ní irú ariwo bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù gbọ̀ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń kọ ní ìparí oṣù: iye aboyún tó wá, iye tó bí, iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́, iye ibà. A ó kọ ọ́, a ó rò ó pọ̀, a ó rán an lọ. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ohunkóhun nípa rẹ̀ àfi tó bá pẹ́. CHEW kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Mà, tí wọ́n bá rí i níbẹ̀, kí ni wọ́n ń fi ṣe?” Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, torí mi ò ní ìdáhùn.

Àwa méjèèjì la jọ fa ìlà sórí àtẹ. Abẹ́rẹ́ Penta, àjẹsára tó ń dènà àrùn márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ ń gbà á, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. A fi ìlà kan ṣe àwọn tó gba àkọ́kọ́, a fi ìkejì ṣe àwọn tó gba ìkẹta. Ìlà méjèèjì yẹ kí wọ́n máa rìn pọ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni tiwa ń ya ara wọn sílẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn ìyá ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í parí. Lókè, wọ́n á ní aláìmọ̀kan ni wọ́n, ẹ lọ là wọ́n lọ́yẹ̀. Ìyálọ́jà wo àtẹ náà, ó ní, “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ́ lẹ ń gúnbẹ́rẹ́? Ṣé ẹ̀yin ò mọ ọjà ni?”

Ọjà wa ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, tó ń yí kiri inú ọ̀sẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ìyá tó máa fi èlùbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ torí abẹ́rẹ́. A bá jókòó ti kàlẹ́ńdà, a ka ọjà títí dé ìparí ọdún, a yí gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọlu ọjà po. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a ń gbé kúlà lọ sọ́jà fúnra wa, a sì tẹ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́lùbọ́. Ọjọ́ mìíràn a gba gáà lọ bá àwọn ìyá tó ti ta wàrà lọ́jà padà sílé. Ìlà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ra. Wọn ò pàdé tán o, ọ̀nà gáà ò ṣeé gbà lójò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkan láti òkè ní a kì í ṣiṣẹ́, mo fà á lọ síwájú àtẹ, mo ní kó fi ọwọ́ hàn mí ibi tí a kò ti ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, omijé ni màá fi dáhùn.

Ìwé ìlànà ló kù. Ní 2014, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde tó pín iṣẹ́ láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ibi tí dókítà àti nọ́ọ̀sì kò tó. Ó gba CHEW láyè láti fi ètò sí apá obìnrin tó fẹ́ fètò sọ́mọ bíbí, ó sì gbà á láyè láti fún aboyún tí gìrì mú ní ìwọ̀n àkọ́kọ́ magnesium sulphate, oògùn tó ń dá gìrì dúró, kó tó gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn pàápàá, àwọn olùwádìí kọ́ CHEW láti máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ilé àwọn aboyún, kí wọ́n sì máa fún wọn ní oògùn yìí. Kì í ṣe nǹkan àdàbọwọ́.

Mo ṣe ẹ̀dà ìlànà náà fún gbogbo wa, mo ní kó máa wà nínú báàgì. Ní ọjọ́ tí mo lọ sí Ìbàdàn, wọ́n gbé aboyún kan wá lóru, gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní wárápá ìdílé wọn ni, wọ́n ti fi àgbo kan án lẹ́nu. CHEW tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga gan-an. Ó gún un, 5g sí ìdí kọ̀ọ̀kan, ó kọ aago sílẹ̀, ó pe ọlọ́kadà wa, ọlọ́kadà lọ jí onímọ́tò, òun fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Dókítà tó gbà wọ́n nílé ìwòsàn ńlá jágbe mọ́ ọn: ta ló ní kí CHEW fọwọ́ kan irú oògùn yẹn? CHEW náà ní ẹsẹ̀ òun ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó na ìwé sí i. Dókítà kà á. Kò tọrọ àforíjì, a ò sì retí ẹ̀. Ó bi í ní ìwọ̀n oògùn àti aago tó gún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìyá àti ọmọ padà sílé.

Ìtàn yìí kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀ fún mi láàrin àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi. Nínú ìpàdé, wọ́n ní mò ń ta iṣẹ́ wa fún àwọn tí kò kọ́ ọ tó wa. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n tún fi èyí tó kù kọ́ agbẹ̀bí, ìgbéga kì í dé lásìkò, ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn tó fi yàtọ̀ á di iṣẹ́ tirẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó yẹ ká di mú ni ẹ̀kọ́ tí a ó fi máa kọ́ wọn, tí a ó fi máa tọ́ wọn sọ́nà, tí a ó sì fi gba èyí tó bá le jù fún wọn. Ìdí obìnrin tí gìrì ń mú kọ́ ló yẹ ká ti máa jà.

Àwọn nọ́ọ̀sì gan-an ò sì pọ̀ mọ́. Kọ́fowórọlá Abẹ́nì Pratt, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH Ìbàdàn, ìlú London ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì padà wálé. Lónìí, ọ̀nà yẹn ti yí ìdí padà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi orílẹ̀-èdè wa sínú àwọn tí wọn ò gbọ́dọ̀ wá fa òṣìṣẹ́ ìlera wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé, wọ́n ń gbà á. Èkejì mi ti ọdún kìíní yẹn wà lọ́hùn-ún báyìí, nọ́ọ̀sì tó ń lọ tọ́jú aláìsàn nílé ni. Mo rò pé owó oṣù ló máa kọ́kọ́ sọ fún mi. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé nọ́ọ̀sì àdúgbò tó bá ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè kọ àwọn oògùn kan fún aláìsàn kó sì buwọ́ lù ú, láìdúró de dókítà. “Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ o,” ó ń wí bẹ́ẹ̀ ṣáá.

Wọ́n ti gbé mi kúrò ní abúlé náà báyìí. Ìwé ìgbéga mi dé, ó sì bá ìwé ìṣípòpadà wá. Kò sí nọ́ọ̀sì mìíràn tí wọ́n rí fi rọ́pò mi, CHEW tó bi mí ní ìbéèrè nípa fọ́ọ̀mù ọjọ́sí, tó ti lọ kàwé sí i tó ti di CHO, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko tó ga ju CHEW lọ, ló wà níbẹ̀. Báńkì ti yí ìbuwọ́lù padà sí tirẹ̀. Àwọn kan lókè ní kò lè jẹ́ ọ̀gá ní kíkún, ó ní láti máa “dípò” títí nọ́ọ̀sì á fi dé. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan gbà bẹ́ẹ̀, a sì ti jà lórí ẹ̀ débi pé ẹnìkan ò kí mi mọ́. Bí wọ́n bá fi nọ́ọ̀sì kan síbẹ̀ tó ń dé ní Ọjọ́ Ajé, tó ń padà sígboro ní Ọjọ́rú, mo mọ ẹni tí àwọn obìnrin abúlé yẹn á máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Òun ni mo fẹ́ kí wọ́n máa san owó oṣù ọ̀gá fún.